Èrò Ará Ìlú lórí Ìdaṣẹ́sílẹ̀ Àwọn Panápaná ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bóyá ni òṣìṣẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu bí ó ti bá panápaná mu. Ní ọjọ́ tí ògiri tí iná ti jẹ lẹ́sẹ̀ bá wó pa á, gbogbo ìlú a ṣọ̀fọ̀, agogo a máa ró ní ilé ìsìn, àwọn ìjòyè a sì tẹ̀lé pósí rẹ̀ dé ibojì. Ṣùgbọ́n bí òun kan náà bá dìde láàyè, tí ó wí pé owó ọ̀sẹ̀ tí òun ń gbà kò ká oúnjẹ àti owó ilé mọ́, ìlú kan náà a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan a ní ó jàre. Àwọn mìíràn a ní ẹni tí ó bá ní àánú lójú kì í fi ẹ̀mí ọmọnìkejì dúnàádúrà.

Ìbéèrè tí ó wà nínú ìjiyàn yìí kì í ṣe kékeré. Bí aláṣọ bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún oṣù kan, oníbàárà lè máa wọ aṣọ àtijọ́. Bí awakùsà bá jókòó sílé, èédú tí a ti kó jọ lè tó ìlú lò fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí panápaná bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, iná kò ní dúró de ìparí ìpàdé. Ẹni tí ilé rẹ̀ yóò sì jó kì í ṣe ẹni tí ń ṣírò owó panápaná. Ó lè jẹ́ opó kan tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀? Bí kò bá tọ́, ọ̀nà wo ni ó kù tí yóò gbà rí ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ìgbà òtútù 1977 sí 1978 ni ìbéèrè yìí dé iwájú gbogbo ará Ìlú Ọba, nígbà tí àwọn panápaná ilẹ̀ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 9. Ohun tí ará ìlú wí nígbà náà yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, àti ohun tí ọ̀rọ̀ wọn lè rà, àti èyí tí kò lè rà.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò tí ó jìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1861, iná sọ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà ní òpópónà Tooley, lẹ́bàá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. James Braidwood, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí àwọn panápaná ìlú náà láti 1833, wà ní ìdí iná náà. Bí ó ti ń ṣaájò àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti rẹ̀ ni ògiri kan ya lulẹ̀ tí ó sì pa á. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, agogo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ró, èrò tí ó tẹ̀lé òkú rẹ̀ sì gùn ju máìlì kan lọ. Ẹni tí ó gba ipò rẹ̀, Eyre Massey Shaw, fẹ́ràn láti máa gba àwọn atukọ̀ òkun sí iṣẹ́, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára láti máa ṣọ́ òru àti láti máa gbé níbi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn. Inú ibùdó ni panápaná ń gbé. A lè pè é nígbàkúgbà, tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n bí ojú tí ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹṣin ń fà, àwọn àgbà a sì máa ṣí fìlà fún un. Iye wákàtí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò jẹ ará ìlú lógún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù daṣẹ́ sílẹ̀, jìnnìjìnnì sì bá ìjọba. Ní ọdún kan náà ni àwọn panápaná dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí ó wá di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí FBU. Òfin ọdún 1919 ka ìdaṣẹ́sílẹ̀ léèwọ̀ fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò kà á léèwọ̀ fún panápaná. Ní 1920, ìgbìmọ̀ kan tí Sir William Middlebrook jẹ́ alága rẹ̀ gbà pé ó yẹ kí owó panápaná àti owó ọlọ́pàá jẹ́ ọgbọọgba. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀lé ìmọ̀ràn yìí, panápaná ti ní òṣùwọ̀n kan tí ó lè fi wọn owó rẹ̀: bí ti ọlọ́pàá bá gòkè, tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gòkè. Kò ní láti pariwo kí ó tó jẹun.

Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ mọ bí ẹnu ará ìlú ti í yí padà, kí á wo ìgbà ogun àgbáyé kejì. Láti 1938 ni ìjọba ti ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin kún àwọn panápaná, nítorí ìbẹ̀rù bọ́ǹbù tí ọ̀tá yóò jù láti ojú ọ̀run. Pọ́n-ùn 3 lọ́sẹ̀ ni owó ọkùnrin tí ó bá ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Pọ́n-ùn 2 ni ti obìnrin. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1939, tí oṣù kan ń gorí oṣù kan tí bọ́ǹbù kò sì já lu Lọ́ńdọ̀nù, ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n ní wọ́n sá fún iṣẹ́ sójà, wọ́n ní owó ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ wọ aṣọ iṣẹ́ wọn jáde sí ìgboro mọ́.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án 1940, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì dé. Òru 57 tẹ̀lé ara wọn tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lu Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí a ti pè ní ọ̀lẹ ní oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn ni ó dúró lórí òrùlé tí ń jó, tí wọ́n di ẹnu ẹ̀rọ omi mú nígbà tí gbogbo ìlú wà nínú ihò ìsápamọ́sí. Ìyìn gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin iṣẹ́ panápaná tí ó kú sínú ogun náà súnmọ́ 1,000, a sì kọ orúkọ wọn sára ère idẹ tí a gbé kalẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1991. Ènìyàn kan náà ni àwọn tí a bú àti àwọn tí a yìn. Ohun tí ó yí padà ni pé iná ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba dá iṣẹ́ panápaná padà sí ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1948. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ni òṣùwọ̀n àtijọ́ fọ́: owó ọlọ́pàá gòkè, ti panápaná kò sì bá a lọ mọ́. Àwọn panápaná fi ẹ̀hónú hàn ní 1951. Wọ́n kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ àṣedára bí nǹkan dídán àti ìlẹ̀ fífọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ̀ láti pa iná. A fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, panápaná kò ní ìwọ̀n kan pàtó mọ́ tí yóò fi sọ pé, bí owó mi ti yẹ kí ó rí nìyí. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìfẹ́ ará ìlú.

Ìfẹ́ náà kò sì ṣaláìhàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1960, iná sọ ní ilé ìkọ́tísí kan ní òpópónà Cheapside ní ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland. Ọtí wisikí tí ó ju mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lọ ni ó wà nínú ilé náà. Ooru ọtí náà bú gbàù, ògiri ilé náà sì wó sí ìta lu àwọn tí ń pa iná. Ènìyàn 19 ni ó kú: panápaná 14 àti 5 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dáàbò bo ẹrù níbi iná. Ìlú Glasgow sin wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ní oṣù kẹjọ 1972, panápaná 7 mìíràn tún kú ní ìlú kan náà, ní ilé kan ní òpópónà Kilbirnie. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wọ inú iná lọ láti yọ ẹni tí ó há sínú rẹ̀. Ìlú tún dá ọjọ́ ìsìnkú sí ọjọ́ ńlá. Ní oṣù kẹwàá 1973, tí ibojì àwọn 7 yìí kò tíì ju oṣù 14 lọ, àwọn panápaná Glasgow fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó, láìgba àṣẹ ẹgbẹ́ wọn pàápàá. Ó di dandan kí ìjọba rán sójà láti wá pa iná. Ìlú tí ó ti ń ṣe ìdárò wọn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Kí 1977 tó dé, ọ̀wọ́n ọjà ti gba Ìlú Ọba kan. Ní 1975, iye tí a ń ra ọjà fi ju ìdá 24 nínú 100 lọ sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Ní 1976, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, tí James Callaghan jẹ́ olórí rẹ̀, lọ yá owó lọ́wọ́ àjọ owó àgbáyé. Láti lè kápá ọ̀wọ́n yìí, ìjọba pinnu pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí àfikún owó rẹ̀ gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Àwọn panápaná béèrè ìdá 30. Wọ́n tún béèrè pé kí wákàtí iṣẹ́ wọn lọ sílẹ̀ láti 48 sí 42 lọ́sẹ̀. Terry Parry, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ wọn, àti àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má tíì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn aṣojú tí ó wá láti ibùdó gbogbo kò gbà. Ní agogo 9 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1977, àwọn panápaná jáde kúrò ní ibùdó wọn. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo ilẹ̀ náà yóò daṣẹ́ sílẹ̀ pọ̀.

Ojú ṣe ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ní ẹnu ọ̀nà ibùdó gbogbo, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pípa iná dá iná sínú agolo ńlá, wọ́n sì dúró tì í nínú òtútù. Àwọn awakọ̀ tí ń kọjá a máa fọn fèrè kí wọn. Ìyá arúgbó a máa bu tíì wá. Àwọn ènìyàn a máa ju owó sínú garawa. Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn aládùúgbò kó oúnjẹ àti nǹkan ìṣeré wá fún àwọn ọmọ wọn. Bí a bá fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ibùdó nìkan ṣe ìdájọ́, a ó sọ pé àwọn panápaná ti borí.

Sójà ni ìjọba fi dípò wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ojú omi àti ti òfuurufú. Wọ́n ju 10,000 lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n fún wọn ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí ará ìlú ń pè ní Green Goddess. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni a ti ṣe é, nítorí ìbẹ̀rù ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì, a sì ti gbé e pamọ́ láti ìgbà pípẹ́. Kò yára, kò sì ní ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò ìgbàlódé tí panápaná fi ń yọ ènìyàn nínú èéfín. Àwọn ọ̀dọ́mọdé sójà tí kò ju ìkọ́ṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ gun ọkọ̀ wọ̀nyí jáde lọ pàdé iná. Wọ́n ṣe akọ, ará ìlú sì yìn wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn fi ń kọ ọ́ pé owó àwọn sójà wọ̀nyí pàápàá kò tó ti àwọn tí wọ́n wá dípò. Ìyìn tún bọ́ sí orí ẹlòmíràn tí àpò rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ará ìlú pín sí. Àwọn kan wí pé, ẹni tí ń wọ ibi tí gbogbo ènìyàn ń sá jáde kò gbọdọ̀ máa ronú bí ọmọ rẹ̀ yóò ti jẹun. Wọ́n ní àwọn panápaná ti ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, sùúrù náà ni a sì fi rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kejì wí pé, ẹ̀mí kì í ṣe ọjà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà ti mọ ohun tí ó gbà, àti pé bí ìjọba bá fún panápaná ní ìdá 30, awakùsà àti oníná mànàmáná yóò béèrè tiwọn, ọ̀wọ́n ọjà yóò sì tún padà wá jẹ gbogbo wọn run. Kò yẹ kí á ka àwọn wọ̀nyí sí aláìláàánú; nínú wọn ni àwọn afẹ̀yìntì wà, tí owó tí wọ́n ti fi pamọ́ ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Àwọn kẹta ni ó pọ̀, àwọn ni ó sì ṣe pàtàkì jù lọ. Ohùn méjèèjì ni wọ́n dì mú. Ní òwúrọ̀, wọ́n a ju owó sínú garawa panápaná. Ní alẹ́, wọ́n a gbàdúrà kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí owó búrẹ́dì tún gbówó lórí. Wọn kì í ṣe alágàbàgebè. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn panápaná lè fún un ní ṣílè kan láti inú àpò ara rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ kì í ti inú garawa wá. Inú owó orí àti ìwé ìṣirò ìjọba ni í ti í wá, àti nínú ìpinnu pé ta ni a ó kọ́kọ́ fún àti ta ni yóò dúró. Lórí èyí, fèrè ọkọ̀ kò lè sọ ohunkóhun.

Àwọn adaṣẹ́sílẹ̀ pàápàá ní ìjà nínú ọkàn tiwọn. Nígbà tí iná sọ ní ilé ìwòsàn kan ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá náà, àwọn kan nínú wọn fi ẹnu ọ̀nà ibùdó sílẹ̀ lọ ran àwọn sójà lọ́wọ́. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ọlá wọn nìyí, òun náà sì ni àìlera wọn nínú ìdúnàádúrà: ìjọba mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ kí iná jó pẹ́.

Ìgbà tí ó fi di Kérésìmesì, ohun tí ó kù fún wọn ni ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1977, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí TUC, jókòó láti pinnu bóyá wọn yóò dìde sí ìlànà ìdá 10 ìjọba. Ènìyàn 17 fẹ́ bẹ́ẹ̀, ènìyàn 20 kò fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn panápaná ti mọ̀ pé àwọn nìkan ni ó dá dúró. Ní oṣù kìíní 1978, àwọn aṣojú wọn tún pàdé, wọ́n dìbò láti padà, ní ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n sì wọ ibùdó wọn. Ìdá 10 tí ìjọba ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà pẹ̀lú ìbànújẹ́, wọ́n rò pé asán ni ọ̀sẹ̀ 9 nínú òtútù.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìwé àdéhùn náà tí kò pariwo. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá to gbogbo ọkùnrin tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó wọn ti pọ̀ sí, tí a sì pín wọn sí ọ̀nà 4, owó panápaná gbọ́dọ̀ dé ibi tí ìpín tí ó ga jù lọ ti bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kọkànlá 1979 tó kọjá ni owó wọn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa bá ti àwọn yòókù gòkè lọ́dọọdún. A tún gba wákàtí 42 fún wọn. Ohun tí wọ́n pàdánù ní nǹkan bí ọdún 1952 ni wọ́n rí gbà padà ní ìrísí mìíràn: òṣùwọ̀n. Ní 1980, nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ yẹ àdéhùn náà, àwọn panápaná ní àwọn yóò tún jáde, àdéhùn náà sì dúró. Ìjọba kan lọ, ìjọba mìíràn dé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 25 tí kò sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ nítorí owó panápaná.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1977 kan náà, inú àwọn ọlọ́pàá kò dùn sí owó tiwọn, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ Edmund-Davies. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà sọ tẹnu rẹ̀ ní oṣù keje 1978, àfikún tí ó dámọ̀ràn fún ọlọ́pàá ju ìdá 40 nínú 100 lọ. Kò sí fèrè ọkọ̀, kò sí garawa, kò sí iná inú agolo. Ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé ibi tí a bá ti jókòó ṣe ìṣirò tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti rí nǹkan mú lọ sílé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2002 tún fi ìdí èyí múlẹ̀. Nígbà náà, àwọn panápaná rí i pé òṣùwọ̀n 1978 kò tó wọn mọ́, nítorí iṣẹ́ àwọn tí a fi ń wọn owó wọn ti yí padà. Owó panápaná tí ó ti kọ́ṣẹ́ yege jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 21,500 lọ́dún. Wọ́n béèrè 30,000, èyí tí àfikún rẹ̀ súnmọ́ ìdá 40. Láti oṣù kọkànlá 2002, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Sójà 19,000 ni ìjọba yà sọ́tọ̀, àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ọdún 1950 náà sì tún jáde. Ará ìlú tún fọn fèrè, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò rí bí ti àtijọ́. Ọ̀wọ́n ọjà kò le ní ọdún náà, ìdá 40 sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ogun Iraq sì ń bọ̀ lọ́nà, àwọn kan sì ń bi í pé ta ni yóò lọ jagun bí sójà bá ń pa iná nílé. Ní oṣù kẹfà 2003, wọ́n gba ìdá 16 tí a ó san ní ìgbà mẹ́ta, pẹ̀lú àyípadà púpọ̀ nínú ètò iṣẹ́ wọn. Òṣùwọ̀n 1978 kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ìyìn bá lè di owó, ọdún 2017 ni ì bá ti ṣe é. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ilé gíga Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù jó, ènìyàn 72 sì kú. Gbogbo ayé rí àwọn panápaná tí ń gun àtẹ̀gùn nínú èéfín, tí wọ́n ń bọ̀ láìlè mí kanlẹ̀, tí wọ́n sì tún ń padà lọ. Ará ìlú pàtẹ́wọ́ fún wọn ní òpópónà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, a gbé àbá kan wá sí ilé aṣòfin pé kí á mú òté kúrò lórí owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn panápaná pẹ̀lú. Aṣòfin 309 gbà á, 323 kò gbà á. Àbá náà ṣubú.

Ó sì wá ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà tún dé, pé àwọn panápaná dìbò lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ìdá 73 nínú wọn ni ó dìbò. Nínú àwọn tí ó dìbò, ìdá 88 ní kí á jáde. Kí ọjọ́ tó pé, àwọn agbanisíṣẹ́ mú ìdá 7 fún ọdún kan àti ìdá 5 fún èyí tí ó tẹ̀lé e wá, àwọn panápaná gbà á, kò sì sí ibùdó tí ó ṣófo. Ìdìbò tí a kà létòlétò ṣe ohun tí àtẹ́wọ́ ọdún 2017 kò lè ṣe.

Kì í ṣe pé ohùn ará ìlú jẹ́ asán. Bí ará ìlú bá ti kẹ̀yìn sí àwọn panápaná pátápátá ní 1977, bóyá ni ìjọba ì bá kọ òṣùwọ̀n kankan sílẹ̀ fún wọn. Ìfẹ́ ìlú ni ó mú kí ó ṣòro láti fi ọwọ́ òfo lé wọn padà. Ṣùgbọ́n ohùn ìlú dà bí iná èèsún: ó ń jó geere, ó ń mọ́lẹ̀ rekete, kì í sì í pẹ́ kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ se oúnjẹ ọdún 25 lórí rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ ní tútù. Nígbà tí ó bá ń jó ni ó yẹ kí á tètè fi rọ irin, kí irin náà lè wà nígbà tí iná bá kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òṣìṣẹ́ tí a ń sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ ju owó lọ, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ olùkọ́. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í purọ́. Iṣẹ́ náà ju owó lọ nítòótọ́. Nítorí pé ó ju owó lọ gan-an ni kò fi yẹ kí á máa dúró de ìgbà tí iná bá sọ kí á tó ṣírò ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí ń ṣe é. Ìlú tí ó bá ka ìdaṣẹ́sílẹ̀ léèwọ̀ fún panápaná rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè òṣùwọ̀n tí ó dúró ṣinṣin. Ìlú tí kò bá fẹ́ san gbèsè náà kò ní ẹnu láti bá a wí ní ọjọ́ tí ó bá jáde. Ní Glasgow, ibojì àwọn tí ó kú ní òpópónà Cheapside àti àwọn tí ó kú ní òpópónà Kilbirnie wà nínú ilẹ̀ ìsìnkú kan náà, lábẹ́ òkúta tí a gbẹ́ dáradára. Òkúta náà wu ojú. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè.